Ámbà Ìyá Mi Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀rá Jíjẹrà

Oníṣòwò òyìnbó kan fi irọ́ gba ámbà lọ́wọ́ ìyá mi ní Mákùn, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà. Etí òkun ni Ìyá ti ṣa ohun olóòórùn dídùn yìí, tí àbùùbùtán ń pọ̀ sómi. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un lójú òyìnbó. Ó yọ́, ó dúdú bí ọ̀dà. Mo yọ́ díẹ̀ nínú ọtí líle gbígbóná. Bó ti tutù, ègé funfun wẹ́wẹ́ hàn nínú rẹ̀ bí iyọ̀. Àmì ámbà nìyẹn.

Òyìnbó ní, "Ọ̀rá jíjẹrà ni." Ó gbé e sínú àpótí, ó tì í pa.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ta ní ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ ọ̀rá jíjẹrà?"

Òyìnbó gbé àpótí rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá rẹ̀ tí ẹ rán an wá ra ọjà, ẹ dá ìyá mi lóhùn.