Kọ́kọ́rọ́ Tí Mọ́ṣádé Fà Lé Richard Lọ́wọ́

Ẹ bá mi wo ìwàkiwà! Mọ́ṣádé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìjagun, gun ọ̀kadà títí ìbàdí fi ń ro ó, ó ń gba ohùn àwọn ìyá àgbà Ìjẹ̀bú sínú fóònù. Ó fi ohùn wọn ṣe áàpù kan: ọmọ tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ìyá àgbà yóò sì pè é sí i létí. Kò tà á. Ó tú gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ sí gbangba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá bá a tún un ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn tó bá àwọn ìyá ṣe nìyẹn.

"Kò sẹ́ni tó máa tì í mọ́ àwọn ọmọ wa o?"

"Kò sí, ẹ̀yin ìyá mi."

Àfi bí ilé-iṣẹ́ ńlá méjì l'Ékòó ṣe gbọ́ òórùn rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í du ú bí ajá ṣe ń du egungun. Richard ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn. Ìṣojú Mọ́ṣádé ni wọ́n bí i l'Áyépé. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí, ilé-iṣẹ́ kejì yẹn fẹ́ gbé e sá lọ. Ẹ fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ibi tí ẹ kó o sí, kí n máa bá yín ṣọ́ ọ."

Mọ́ṣádé kò pe lọ́yà. Onídùúró ló béèrè, bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wọn. Màmá Richard fúnra rẹ̀ ló dáhùn: "Mo dúró fún ọmọ mi." Ta ló máa wá ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé? Mọ́ṣádé fa kọ́kọ́rọ́ náà lé Richard lọ́wọ́.

Háà! Oṣù kò tíì kú tí Richard fi yí pásíwọ́ọ̀dù padà, tó yọ orúkọ Mọ́ṣádé dànù, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbogbo rẹ̀ pa. Ṣé ojú tì wọ́n? Rárá o! Wọ́n ní ọwọ́ olè làwọn ti gbà á sílẹ̀. Olè tó ń pariwo olè! Mọ́ṣádé ṣì ní ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, ó lè tún un gbé síta lọ́la. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò tún la ẹnu fún un? Ọ̀kan nínú wọn ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, tìbínú-tìbínú ló fi wọ ilé Màmá Richard. Richard wà níbẹ̀, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́.

"Ẹ má bínú, Àǹtí, òwò ni. Tí a ò bá ṣe é, àwọn yẹn á ṣe é."

"Ṣé orí àwọn ìyá wa ni ẹ̀yin àti àwọn yẹn fẹ́ máa fi fọ́ àgbọn? Tí wọn ò ní bá yín jẹ níbẹ̀?"

Ohùn Màmá Richard náà wà nínú áàpù yẹn. Ó gbé fóònù, ó tẹ ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Kà á fún mi."

Richard kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ kò ní àṣẹ láti gbọ́ ohùn yìí."

"Ohùn ta ni?"

Richard ti àwo ìkọ́kọrẹ́ sẹ́yìn.

"Dìde. À ń lọ sílé àwọn ìyá yẹn lójúlé-lójúlé. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún wọn."

"Màmá, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi."

Màmá wé gèlè, ó jáde. Mọ́ṣádé nìkan ló sáré tẹ̀ lé e. Ní ojúlé àkọ́kọ́, obìnrin tí Màmá Richard fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ ló ṣílẹ̀kùn. Kí obìnrin náà tó kí i tán, Màmá Richard ti kúnlẹ̀ fún un.