Ọwọ́ Tó Wà Nínú Ìbọ̀wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìkẹ́nnẹ́ ni mo gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ àǹfààní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ láyé ọjọ́un, ẹ ó rántí bí ewùrà ṣe ń yún èèyàn lọ́wọ́. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Bísí, a ó jókòó sẹ́yìnkùlé, a ó máa rin ewùrà tí a ó fi se ìkọ́kọrẹ́. Bí ọwọ́ bá ti ń yún mi dé ìgbọ̀nwọ́, á fi epo pupa pa á fún mi, á ní, "Ẹni tó fẹ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ kì í sá fún yíyún." A ó máa rẹ́rìn-ín, òórùn ẹja gbígbẹ á sì gba àdúgbò kan.

Bàbá Tíṣà níta? Ẹni bí oyin ni! Lọ́jọ́ Ìsinmi, á wọ aṣọ funfun, á ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ohùn tó tutù bí omi àmù. Ó ń bá àwọn opó kọ lẹ́tà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá rí ọmọ tó ń sunkún lójú ọ̀nà, á fún un ní bísíkíìtì. Nílé ńkọ́? Bí bàtà rẹ̀ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu Màmá Bísí.

Ní Sátidé kan, iyọ̀ ìkọ́kọrẹ́ pọ̀ díẹ̀. Bàbá Tíṣà kò pariwo. Ó mú orógùn, ó fi la Màmá Bísí lọ́rùn ọwọ́, eegun sì dún. Mo gbọ́ ọ. Títí dòní, bí igi gbígbẹ bá dá, àyà mi á já.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Mo rò pé wọ́n wá bá a wí ni. Àṣé Màmá Bísí, tí wọ́n fi pákó di ọwọ́ rẹ̀, ni wọ́n wá bẹ̀! "Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Bàbá Tíṣà tí a mọ̀ kọ́ nìyẹn, iṣẹ́ èṣù ni. Ahọ́n àti eyín náà ń jà." Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ. Ẹ gbà mí o! Ta ló ti rí ibi tí ahọ́n ti gé eyín jẹ rí? Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ṣì ń bí mi.

Bàbá Tíṣà yìí náà ló ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìtàn adẹ́rùbani òyìnbó àtijọ́ kan là ń kà, ti ọlọ́lá kan tó jẹ́ pé bó bá wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ọmọlúàbí ni. Bó bá bọ́ ọ, apààyàn ni. Bàbá Tíṣà ní èèyàn méjì ló wà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kí a má dá ọlọ́lá náà lẹ́jọ́ jù. Ó wá bi wá pé àmì kí ni ìbọ̀wọ́ náà. Àwọn kan ní ìwà mímọ́, àwọn kan ní ẹ̀tàn.

Mo dìde. "Sà, ọwọ́ kan náà ló wà nínú rẹ̀."

Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo délé, ó ti mú pàṣán dání. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n káwọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí. Màmá Bísí ló fi ọwọ́ kan tó kù fún un fà mí mọ́ra, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ìyókù. Ọwọ́ tó dá yẹn wọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń rin ewùrà.

Nígbà tí Bàbá Tíṣà náà kú, wọ́n ní ẹni rere lọ. Láyé ìgbà náà, a kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Lónìí, fóònù wà tí a fi ń ya ojú tó wú, agbẹjọ́rò wà, síbẹ̀ èṣù náà ni wọ́n ṣì ń di ẹ̀bi rù. Lóṣù tó kọjá, àwọn àgbà ẹbí pè mí sí Ṣàgámù pé èmi náà ti dàgbà, kí n wá bá wọn bẹ ọmọ-ọmọ Màmá Bísí, tí ọkọ rẹ̀ lù. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ èṣù ni.

Mo ní kí ọkọ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú gbogbo wa. Mo bi í pé, "Ọwọ́ ta nìyí?"

Ó wolẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ẹ̀yin àgbà," ni mo wí, "ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀." Mo gbé báàgì ọmọ-ọmọ Màmá Bísí náà, mo dì í lọ́wọ́ mú, a jáde.