Fèrèsé tí Ìyá Mi Ní Kí N Má Ṣí

Òjò kékeré kan rọ̀ lọ́sàn-án àná, kò tó èyí tí ewúrẹ́ ń tìtorí rẹ̀ sá wọlé. Bó ti dá ni oòrùn yọ, òórùn ilẹ̀ gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi sì wọlé bá mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ara ti tù. Ara tèmi kò tù rárá, nítorí òórùn yẹn dá mi padà sí yàrá kan ní Bẹẹrẹ.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, àbúrò mi ọkùnrin ò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìyá wa ń ta ata gbígbẹ ní Ọjà'ba. Nígbà tí òjò ṣú, ó fẹ́ sáré lọ palẹ̀ ọjà mọ́. Ó kọ́kọ́ wọ súwẹ́tà àti fìlà onírun fún ọmọ, torí láyé ìgbà náà, ọ̀tá ìkókó ni atẹ́gùn òjò. Ó ti fèrèsé onípákó. "O ò gbọdọ̀ ṣí i o! Òtútù á mú un." Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa láti ìta, torí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní, mo lọ wẹ òjò. Ẹ má wò mí báyìí, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé.

Òjò dá kíá, ìyá mi ò dé, ooru sì mú. Mo rántí ọgbọ́n Ìyá Àgbà, tó bí bàbá wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń rẹ ìró sómi, á fi kọ́ ojú fèrèsé, á wọ́n omi sílẹ̀, ilé á tutù. Èmi náà rẹ ìró méjì nínú àmù, mo fi wọ́n kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo da omi sílẹ̀, mo wá jókòó bí ọlọgbọ́n.

Ìró ò gbẹ. Ilẹ̀ ò gbẹ. Òógùn ń ṣàn lára mi, kò gbẹ. Àbúrò mi ń ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ọrùn rẹ̀ rọ sí mi lápá. Mo gbá ilẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí pé ó fẹ́ kú. Mo wo fèrèsé, mo rántí pàṣán ìyá mi, mo tún wo ọmọ. Mo fi ọmọ odó gbá ìkọ́ fèrèsé tó ti dógùn-ún títí ó fi já, mo sì figbe ta.

Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, sáré wá gba ọmọ lójú fèrèsé. Ó bọ́ súwẹ́tà àti fìlà, ó gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, ó fi omi nu ún lára, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọmọ ké, èmi náà bú sẹ́kún. Ìgbà náà ló rí àwọn ìró.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé omi yẹn lọ, èmi kọ́. Atẹ́gùn òní ti mu omi yó. Wọ́n wá tún tilé pa mọ́ yín, ibo ni òógùn fẹ́ gbà lọ?"

Ìyá mi dé, ó gbọ́, ó fi ọmọ sọ́mú. Kò wá pàṣán. Kò sì tilẹ̀kùn mọ́ wa mọ́ láéláé.

Lánàá, iná lọ, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, àwọn ọmọ sì jókòó sínú ilé onífèrèsé gíláàsì tí a tì pa, wọ́n ń làágùn. Mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo ní kí wọ́n bọ́ aṣọ tó nípọn, kí wọ́n mu omi. Ilé ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ara èèyàn ò yàtọ̀. Mo wá pe àbúrò mi lórí fóònù ní ilé rẹ̀ l'Ágodi, bí mo ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí òjò bá dá tí ooru mú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí. Kó tó di pé mo kí i, ó ti dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣí i."