Ìka Tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Kan Nǹkan

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ra ohunkóhun láìfi ìka kàn án kó-kó-kó, kó sì dẹtí sí i. Bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn ló ń kan iṣu, ìbẹ́pẹ àti àga. “Ohun tó bá dáa máa ń dáhùn,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Songon, lẹ́yìn ìlú Abidjan, ló kọ́lé sí. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé wọ̀ lásìkò òjò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà nínú oyún. Ó wá rí jíìpù gíga kan nílé ìtajà ọkọ̀ nítòsí èbúté Abidjan, èyí tí wọ́n fi ń han àwọn oníbàárà, tí wọ́n sì ti dín owó rẹ̀ kù. Sátidé mẹ́rin la jọ lọ, tó ń kan ara ọkọ̀.

“Tọ́ńtọ́n, titun náà ni,” ni ọmọbìnrin tó ń tà á wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀.

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á,” lèmi náà bẹ̀ ẹ́.

Ó mirí. “A ò mọ irú ẹsẹ̀ tó ti wọ inú ẹ̀. Kò tíì dáhùn.”

Owó rẹ̀ ni, kí ni mo lè ṣe? Nígbà tí a fi máa padà lọ ní Sátidé karùn-ún, wọ́n ti tà á.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò ni ìrọbí mú ẹ̀gbọ́n mi. Takisí dúró sí títì ọlọ́dà, awakọ̀ ní òun ò lè wọnú ẹrẹ̀. Àga lèmi àti ọkọ rẹ̀ fi gbé e jáde, ẹrẹ̀ dé orúnkún wa. Ẹ̀gbọ́n mi yè. Ọmọ kò yè.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá dé ìdí iṣu, ó kàn máa ń nawọ́ sí èyí tó bá wà níwájú, á ní kí wọ́n dì í fún òun.