Ẹ̀rọ Àyálò Tó Kọlà fún Òkú

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ fara kan tèmi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Màpó, ló kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. "Ìyàwó, oní-súùtù kan ń gòkè bọ̀ o. Ẹni tó bá wọ súùtù nínú oòrùn yìí, nǹkan ló fẹ́ tà." Mo rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo ọrùn ọkùnrin náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ ò yẹ̀.

Iṣẹ́ títẹ̀wé àti fótókópì ni mo ń ṣe. Ẹni tó ń lọ sí kóòtù iwájú wa, ẹni tó fẹ́ fọmọ síléèwé, ẹni tó fẹ́ ṣe ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yà sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba. Ìyá Fótókópì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀rọ kékeré tí mo ní nígbà náà ti gbó. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná, àwa àti oníbàárà á wá jókòó tì í títí á fi tutù.

Oní-súùtù yìí wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo aláìsàn. "Mà, kí lẹ fẹ́ máa fowó ra ẹ̀rọ fún? Èyí tẹ́ ẹ bá rà lónìí, lọ́la ó ti di àlòkù. Ẹ yá tiwa lò. Ẹ ó kàn máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Tuntun la ó gbé wá fún yín."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Tiwa ni, Mà. Ẹ ṣáà ti pè wá."

"Tí mi ò bá fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí oníbàárà tó sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo fọwọ́ síwèé, mo sì san àsansílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó funfun, ó ga tó mi láyà. Ẹ̀gbọ́n yí i ká, ó ní ó dà bíi fíríìjì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Iwájú àti ẹ̀yìn ìwé ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníbàárà a sì máa dúró wò ó. Lẹ́yìn náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Tónà, àtíkè dúdú tó fi ń tẹ̀wé, ti ilé-iṣẹ́ wọn nìkan ló ń gbà. Bí mo bá ra ti ẹlòmíràn sí i, yóò kọ̀ jálẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta tiwọn àyàfi ọ̀dọ̀ wọn ní Òkè-Àdó, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó yá, ìlà dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ìwé, tín-ín-rín bí òwú. Mo pè wọ́n, pè wọ́n, kí ẹnì kan tó wá. Ó fi aṣọ nu inú ẹ̀rọ, ó lọ. Ìlà náà lọ, ó tún padà wá nígbà tó wù ú.

Ní àkókò yẹn ni ọmọbìnrin kan láti Àrẹ̀mọ mú fọ́tò bàbá rẹ̀ wá. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo tẹ ìwé ètò náà, mo fi fọ́tò sí iwájú rẹ̀, mo yẹ àwọn tó kọ́kọ́ jáde wò, wọ́n mọ́ tónítóní. Mo dì í, wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí àdúrà parí, ó padà wá. Kò pariwo. Ó na ìwé kan sí mi. "Ìyá Fótókópì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú bàbá wa."

Ìlà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí bàbá náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó sì dé àgbọ̀n.

"Àbàjà ni wọ́n ń kọ nílé wa," ni ọmọ náà wí. "Ilà ta lẹ kọ fún un yìí? Níwájú àwọn àlùfáà! Àbúrò bàbá wa bi mí pé ṣé àwa ọmọ ò mọ ojú bàbá wa ni." Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo dàgbà jù ú lọ, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ní Òkè Padre, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí Àrẹ̀mọ. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn gan-an ló mú inú bí mi sí i. Èmi kọ́ ló yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀.

Mo fi fóònù pe mánijà ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní, "Dúrọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán sórí ìwé ló ti jẹ, Mà. Ẹ ó ra òmíràn."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀rọ yín?"

"Ìtọ́jú ni tiwa. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó rà á."

"Bí òrùlé ilé tí mo háyà bá ń jò, ṣé èmi ni máa ra páànù fún onílé?"

"Ẹ ti fọwọ́ síwèé, Mà."

"Ó dáa. Ẹ wá gbé e."

"Àkókò tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ò tíì pé. Ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o, ẹ ó máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù."

Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló bá wọn fọwọ́ síwèé, èmi ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan pẹ̀lú àwọn alábàárù. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ tún dá kún ìbínú mi: wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti lò ó rí sì ń hàn lábẹ́ ọ̀dà. Tuntun wọn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó fi gèlè gbàdí, ó ní, "Ìyàwó, mo ń bá ọ lọ."

Inú ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Obìnrin kan tó ní iléèwé aládàáni jókòó níbẹ̀, ó ti mú bírò lọ́wọ́, oní-súùtù wa sì ń fi ibi tó máa fọwọ́ sí hàn án. Àwọn alábàárù gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Mánijà jáde. Káàdì tí fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Mà, kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ yín ni. Ẹ ní tuntun ni. Ẹ bá mi fi káàdì ọrùn yín yẹn síbẹ̀, ká wò ó."

Ó ní òun ò ráyè eré. Obìnrin oníléèwé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ẹ fi síbẹ̀, sà. Èmi náà fẹ́ rí i."

Kò lè kọ̀ mọ́, ó bọ́ káàdì náà fún mi. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná lára ògiri, mo sọ fọ́tò náà di ńlá, mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé jáde pẹ̀lú ojú mánijà, ìlà dúdú sì là á láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wo mánijà, ó wá kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú oró o, sà. Ilà náà á tètè jiná."

Obìnrin oníléèwé bú sẹ́rìn-ín. Ó dé bírò rẹ̀, ó gbé àpò, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Ojú mánijà pọ́n. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, kóòtù la ó ti pàdé!"

"Ẹ má gbàgbé láti wá," ni mo wí. "Ẹnu ọ̀nà kóòtù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò ní wọkọ̀ débẹ̀."

A fi ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Lọ́yà wọn kọ̀wé sí mi. Mo tẹ èsì rẹ̀ fúnra mi, mo fi fótókópì ojú bàbá ará Àrẹ̀mọ sí i, pẹ̀lú ti mánijà, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tún kọ̀wé, mo tún fèsì. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Àsansílẹ̀ mi ò padà wá títí dòní, mi ò sì ní parọ́ pé kò dùn mí. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò san kọ́bọ̀ lé e.

Nígbà tí mo tún ṣe tán, tòkunbọ̀ tí kò pera rẹ̀ ní tuntun ni mo lọ rà. Kí n tó lọ, mo ti wádìí ibi tí wọ́n ti ń ta tónà rẹ̀, pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ṣí inú rẹ̀ fún mi. Mo jẹ́ kó máa tẹ̀wé títí ó fi gbóná, nítorí ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀rọ kì í hàn nígbà tó bá tutù. Ọkùnrin náà ní mo ti pẹ́ jù, àwọn mìíràn ń dúró. Mo ní kó máa dá wọn lóhùn, èmi ò lọ. Nígbà tí mo rí i pé ó dára, mo rà á, ó sì di tèmi, tibi tire.

Àwọn kan ládùúgbò sọ pé mo lágídí, pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Kí wọ́n máa wí. Ẹ̀rọ mi ń dún bí ẹ̀rọ ọlọ, pàápàá tá a bá tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn oníbàárà a máa ráhùn pé a ò gbọ́ ohùn ara wa. Mo ní kí àwọn náà gbóhùn sókè bíi tèmi.