Ìkúnlẹ̀ Lórí Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé yàrá kan ní Bọ́ládé, ẹni tó bá jókòó kí àgbà nílé wa, ìgbátí ló ń wá. Ọmọ Ìwó ni màámi, kì í fi ìkíni ṣeré. Bí ìkúnlẹ̀ rẹ bá kù díẹ̀ káàtó, wàá tún un ṣe lójú àlejò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Wàsíù, ń gbé létí irà tó wà lẹ́yìn Okota. Ó fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀. Nígbà ìsinmi Iléyá kan, ó ní ká wá wò wọ́n. Màámi gbé mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ó mú èmi àti Rẹ̀mí àbúrò mi, tí kò tíì tó ọmọ iléèwé, a rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀ onígi.

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó wọ ọkọ̀. Omi náà dúdú, òṣíbàtà bò ó lójú, o ò lè mọ ibi tó jìn dé. Lékeléke ń wò wá láti inú koríko. Awọ́nríwọ́n ńlá kan já sómi nítòsí wa, ó ta omi sí mi lójú, mo sì di etí ọkọ̀ mú. Bàbá tó ń tukọ̀ kìlọ̀ pé, "Kí ẹnikẹ́ni má dìde o." Màámi ní, "Ẹ ṣé sà."

Àfi bí Bàbá Wàsíù ṣe yọ nínú ọkọ̀ kejì, ó ń bọ̀ wá pàdé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni! Ta ló máa jókòó kí i? Kí atukọ̀ tó lanu, màámi ti dìde, ó ká ìró mọ́ra, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá wa." Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó fi máa padà tọ́, Rẹ̀mí ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

Kò pariwo. Òṣíbàtà kàn padé lórí ibi tó wọ̀ sí. Mo rò pé ó ti kú, mo sì ń rò ó pé awọ́nríwọ́n yẹn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Màámi ṣì wà lórí eékún. Atukọ̀ ti apá bọ omi dé èjìká, ó ń wá a, ó ń wá a, kó tó fa kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ. Rẹ̀mí tẹ̀lé e, ó ń bì, ó ń sunkún.

Ọkọ̀ Bàbá Wàsíù ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ní, "Ìyàwó, ta ló ní kí o kúnlẹ̀ fún mi lórí omi?"

Ẹnikẹ́ni ò jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ náà.

Láyé ìsinsìnyí, wọ́n ti fi yanrìn dí irà yẹn, wọ́n kọ́ ilé sí i, lékeléke ò yà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mi ń ti orí àga kí àgbà, màámi kì í sì í bá wọn wí. Rẹ̀mí ti di bàbá ọlọ́mọ, ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn ló háyà. Bí òjò bá ti ṣú, màámi á pè é lórí fóònù. Tó bá gbé e, ẹ̀rín ló máa ń rín, torí kò rántí ọjọ́ náà rárá. Ṣùgbọ́n títí tó fi máa gbé e, èmi àti màámi kì í lè wo ojú ara wa.