Odó Òfìfo

Bí mo bá gbọ́ ìró odó nílé ẹlòmíì, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìlá, Màmá ti Bùrọ̀dá mi mọ́ yàrá. Bùrọ̀dá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àlejò obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Bí Bùrọ̀dá ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n figbe ta. Màmá sáré gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́.

“Máa gún un!”

“Iṣu dà, Mà?”

“Ṣé kí gbogbo ìjọ gbọ́ ni? Gún un!”

Màmá wá lọ rẹ́rìn-ín sí àlejò: “Ọmọ mi ti lọ sí Èkó o.”

Ọjọ́ tí a sin Bùrọ̀dá ni mo tó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ni àlejò náà, Bùrọ̀dá fúnra wọn ló sì ránṣẹ́ pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gún odó òfìfo náà títí ọwọ́ mi fi bó, títí mi ò fi gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá mọ́.